Bí a ṣe ń fi aṣọ àfọwọ́hun rán ọmọlángidi béárì tí kò ní tú

Béárì àkọ́kọ́ tí mo fi aṣọ àfọwọ́hun rán kò lo wákàtí kan láyé. Mo ti gé e, mo ti rán an, mo ń kì í lówú lọ, ni mo bá gbọ́ "fàà" lábẹ́ apá. Òwú tí mo fi rán an kò já o. Ó wà níbẹ̀ gbọnin-gbọnin. Aṣọ gan-an ló yọ́ kúrò lára rẹ̀, fọ́nrán kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ihò ìka kan fi di ihò ìka mẹ́ta. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé bí sísọ́ọ̀sì bá ti kan aṣọ tí a fi ọwọ́ hun báyìí, ohun tó wù ú ni kó padà di òwú.

Ìdí nìyẹn tí ìtọ́sọ́nà yìí fi pẹ́ lórí iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe kí ẹ tó gé aṣọ. Rírán fúnra rẹ̀ kò le. Ẹni tó bá ti lè rán ìrọ̀rí lè rán béárì.

Aṣọ tó yẹ

Kì í ṣe gbogbo aṣọ àfọwọ́hun ló dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni ń wo inú asẹ́, ó ti ṣí jù, ohun tí ẹ bá kì sínú rẹ̀ á máa yọjú síta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná ti fọ́nrán kan sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá ṣí tí kò padà sáyè rẹ̀, ẹ ṣì lè lò ó, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ máa nílò àtìlẹ́yìn gidi. Bó bá sì nípọn bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi rán béárì kékeré, torí apá àti etí rẹ̀ kò ní ṣeé yí padà síta.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe béárì yìí pàápàá, aṣọ híhun ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù November ọdún 1902, Ààrẹ Theodore Roosevelt ti Amẹ́ríkà lọ ṣọdẹ ní Mississippi, ó sì kọ̀ láti yìnbọn fún béárì kan tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀ dè é. Clifford Berryman fi ọ̀rọ̀ náà ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Washington Post, ni Morris Michtom àti Rose ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní Brooklyn, bá rán béárì aláṣọ, wọ́n sì fi orúkọ tí àwọn èèyàn fi ń pe Ààrẹ, Teddy, pè é. Láàárín àkókò yẹn náà ni Richard Steiff ń ṣe tirẹ̀ ní Giengen, nílẹ̀ Jámánì, èyí tó ní apá àti ẹsẹ̀ tó ń yí. Mohair, aṣọ tí wọ́n fi irun ewúrẹ́ Angora hun, ni ti Steiff, igi tí wọ́n fá wẹ́wẹ́ bí irun ni wọ́n sì kì sínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé irun mohair máa ń bo ojú rírán. Tiwa kò ní irun. Pẹlẹbẹ ló wà, gbogbo ibi tí ọwọ́ wa bá ti gbọ̀n ló máa hàn.

Fún béárì tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, aṣọ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50, tó sì gùn tó 70, máa tó, á tún ṣẹ́ kù díẹ̀ fún àṣìṣe. Bó bá jẹ́ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ ní, ẹ kọ́kọ́ rán wọn pọ̀ títí wọ́n fi máa fẹ̀ tó, àmọ́ ẹ wo ibi tí ojú àsopọ̀ máa bọ́ sí. Tó bá gba àárín ikùn kọjá, ó dà bíi pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Tó bá gba ojú kọjá, àpá ni.

Kí sísọ́ọ̀sì tó débẹ̀

Ẹ fọ aṣọ náà lákọ̀ọ́kọ́. Òwú tí a fi ọwọ́ hun máa ń sún kì nígbà tí omi bá kàn án, ó sì sàn kó sún kì báyìí ju kó dúró di ọjọ́ tí béárì bá dọ̀tí. Kí ẹ tó rì í sómi, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù tẹ igun kan mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí àwọ̀ bá ràn mọ́ funfun, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, títí omi rẹ̀ fi máa mọ́. Èyí tó bá ní sílíìkì tàbí òwú tó ń dán bíi wúrà nínú, ẹ má fọ̀ ọ́ rárá, ẹ má sì jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù gbóná kàn án.

Gum stay ló kàn, ìyẹn aṣọ fẹ́lẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù lójú kan, tí áyọ́ọ̀nù ń mú lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ. Èyí tó rọ̀, tó sì jẹ́ híhun, ni kí ẹ rà. Èyí tó le bíi páálí máa jẹ́ kí béárì ní igun níbi tó yẹ kó rí róbótó. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo aṣọ náà pátá kí ẹ tó ya ohunkóhun sí i. Ẹni tó bá gé awẹ́ tán kó tó lẹ gum stay ti pẹ́ jù, torí etí awẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ pẹlẹbẹ, kí òwú tó lọ lóòró àti èyí tó dábùú gún régé síra wọn, kí ẹ wá gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, kí ẹ gbé e sókè, kí ẹ gbé e sí ibòmíràn. Ẹ má wọ́ áyọ́ọ̀nù lọ wọ́ọ́ bí ẹni ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá wọ́ ọ, àwọn ìlà aṣọ á wọ́, gọ́ọ̀mù á sì mú wọn dúró bẹ́ẹ̀ títí ayé. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó ká a.

Bátànì

Ẹ lè ra bátànì, ẹ sì lè ya tiyín sórí páálí. Awẹ́ mọ́kànlélógún ló wà nínú béárì tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí: ẹ̀gbẹ́ orí méjì, awẹ́ àárín orí kan, etí mẹ́rin, ara méjì, apá mẹ́rin, àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹsẹ̀ mẹ́rin, àtẹ́lẹsẹ̀ méjì. Fún gíga sẹ̀ǹtímítà 30, mo máa ń fún orí ní 9, ara ní 12, ẹsẹ̀ ní 12, tí 3 nínú ti ẹsẹ̀ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara níbi tí ẹ ti so ó mọ́ ọn. Apá lè gùn tó ẹsẹ̀. Apá béárì tó kúrú jù máa ń jọ ti ẹni tó ń bínú.

Awẹ́ àárín orí ló máa ń dààmú èèyàn jù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti imú, níbi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 2, ó fẹ̀ tó 6 láàárín etí méjèèjì, ó wá tún tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ìpàkọ́. Etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn gẹ́lẹ́ bí etí ẹ̀gbẹ́ orí láti imú dé ìpàkọ́. Ẹ má fi rúlà wọ̀n ọ́, torí ó tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ gbé okùn kan lé etí páálí, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé ìtẹ̀kọ́rọ́ rẹ̀, kí ẹ sàmì sí ibi tó parí, kí ẹ wá fi okùn yẹn kan náà wọn ìkejì. Bí ìkan bá fi ìlàjì sẹ̀ǹtímítà ju èkejì lọ, ọrùn béárì yín máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ̀yìn aṣọ ni ẹ máa ya bátànì sí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ya awẹ́ kan, ẹ dojú páálí náà dé kí ẹ tó ya èkejì rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa ní apá òsì méjì. Ó ti ṣe mí rí, lórí aṣọ tí kò ṣẹ́ kù mọ́. Bí aṣọ bá ní ìlà, ẹ jẹ́ kó lọ lóòró lára ẹsẹ̀ àti apá. Ìlà tó dábùú máa ń mú béárì sanra. Ẹ má sì gé awẹ́ kankan láti igun dé igun, torí bẹ́ẹ̀ ni aṣọ híhun ti máa ń fà jù, tí ẹ bá sì ti kì í tán, ẹsẹ̀ kan á gùn ju èkejì.

Yàtọ̀ sí ìlà tí ẹ máa rán, ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà kan gbáko sílẹ̀ yí gbogbo awẹ́ ká. Àwọn tó ń lo mohair máa ń fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má bá wọn ṣe é.

Fún àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti inú etí, mo gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ lo ohun mìíràn: fẹ́ẹ̀tì (aṣọ tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ láìhun ún), àrán tàbí awọ rírọ̀. Àwọn awẹ́ yìí kéré, wọ́n sì tẹ̀ gan-an. Àfọwọ́hun kì í fara da ìtẹ̀ tó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ tó yàtọ̀ níbẹ̀ sì máa ń gbé aṣọ yọ.

Ìlà tó ń mú aṣọ dúró

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ má gbàgbé èyí. Kí ẹ tó gé, ẹ gbé aṣọ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, kí ẹ sì rán ìlà kan yí awẹ́ kọ̀ọ̀kan ká, ní nǹkan bíi mìlímítà 3 sí ẹ̀yìn ìlà tí ẹ máa rán, kó bọ́ sínú àyè tí ẹ fi sílẹ̀. Kí ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ kúrú, mìlímítà 2 tàbí kó dín díẹ̀. Ìlà yìí kò so nǹkan kan pọ̀. Odi ni. Fọ́nrán tó bá ń tú bọ̀ láti etí máa dé ibẹ̀, kò sì ní lè kọjá. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè fi ọwọ́ rán an, kó máa fa abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn kó tó lọ síwájú. Ó máa gba odindi ìrọ̀lẹ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ó máa di mú bákan náà.

Ìgbà yìí ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gé. Sísọ́ọ̀sì tó mú, ẹnu rẹ̀ gígùn, ẹ má sì gé awẹ́ méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí etí aṣọ náà bá jẹ́ alágídí, ẹ fi gọ́ọ̀mù aṣọ díẹ̀ kàn án yíká, kó gbẹ.

Rírán

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kéré. Ẹ kọ ojú aṣọ méjèèjì síra wọn, kí ẹ rán etí, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ rán àtẹ́lẹwọ́ mọ́ apá inú, kí ẹ tó wá rán apá inú mọ́ apá òde. Ẹ fi ẹnu tó tó sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ lẹ́yìn apá àti ẹsẹ̀, níbi tí òró aṣọ ti gún, kì í ṣe níbi tó tẹ̀. Ẹnu tó wà níbi tó tẹ̀ máa ń ya nígbà tí ẹ bá ń yí i padà.

Àtẹ́lẹsẹ̀ gba sùúrù. Ẹ fi píìnì mú un níbi mẹ́rin: ọmọ ìka, gìgísẹ̀, àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ wá fi ọwọ́ gán an yíká kí ẹ tó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ fo gígán yẹn. Èmi náà máa ń fẹ́ fò ó, mo sì máa ń tú u rán lẹ́ẹ̀kejì ni.

Fún orí, ẹ kọ́kọ́ rán àgbọ̀n láti imú dé ọrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àárín imú awẹ́ àárín orí, kí ẹ fi píìnì gún un mọ́ ojú rírán àgbọ̀n, kí ẹ wá rán an láti imú lọ sí ìpàkọ́ lápá ọ̀tún, kí ẹ tún padà sí imú kí ẹ rán ti òsì. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́ kan tí ẹ yí i ká dé èkejì, imú á lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ara ló kẹ́yìn. Ẹ fi ẹnu sẹ̀ǹtímítà 6 sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Níbi tí ojú rírán bá ti tẹ̀, ẹ máa gé àyè rẹ̀ wọ́ńwọ́ńwọ́ kó lè yí dáadáa, àmọ́ kí sísọ́ọ̀sì dúró kó tó dé ìlà odi yẹn. Ẹ yí i padà síta pẹ̀lú igi tí orí rẹ̀ kò mú.

Oríkèé

Oríkèé àtijọ́ ni pátákó fẹ́lẹ́ róbótó méjì, wáṣà, àti irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó gba àárín wọn kọjá, tí a fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì. Pátákó kan wà nínú apá, èkejì wà nínú ara.

Ibí ni àfọwọ́hun ti máa ń san oore padà. Ẹ má fi sísọ́ọ̀sì lu ihò fún irin náà. Ẹ mú òòlu, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí àwọn oníbàtà ń lò, kí ẹ fi ṣí àárín fọ́nrán díẹ̀díẹ̀. Gum stay máa ya díẹ̀, fọ́nrán kan ṣoṣo kò ní já, wọ́n á kàn sún fún irin kó kọjá, wọ́n á sì dì mọ́ ọn lọ́rùn. Aṣọ ilé iṣẹ́ tó há kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn.

Ti orí yàtọ̀ díẹ̀: ẹ kì orí náà lówú kó kún, kí ẹ fi pátákó rẹ̀ dé ẹnu ọrùn kí irin yọ síta, kí ẹ wá fi òwú líle rán ẹnu ọrùn yíká, kí ẹ fà á kó pa mọ́ irin lára. Irin yẹn ló máa wọ inú ara lókè. Ẹ ká ẹsẹ̀ irin náà kó le dáadáa. Tó bá dẹ̀ díẹ̀ báyìí, lẹ́yìn oṣù mélòó kan orí á máa mì bí ti arúgbó.

Bó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni ẹ ń rán an fún, ẹ gbàgbé irin àti pátákó. Ẹ fi òwú líle rán apá àti ẹsẹ̀ mọ́ ara pátápátá, ní ìlọ́po méjì.

Kíkì

Fáíbà tó fẹ́lẹ́ bíi òwú, tàbí irun àgùntàn, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ má kó o sínú ní ìdì-ìdì. Ẹ fà á ya wẹ́wẹ́, kí ẹ máa tì í wọlé ní wọ̀nwọ̀n, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti imú, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Imú gbọ́dọ̀ le kó tó lè gba abẹ́rẹ́ níwájú. Aṣọ àfọwọ́hun máa ń fà díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹ bá kì í, nítorí náà ẹ kì í tán, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Láàárọ̀ ẹ máa rí i pé ikùn ti rọ̀. Ẹ fi kún un kí ẹ tó pa á dé. Tí ẹ bá fẹ́ kó wúwo lọ́wọ́, ẹ rọ ọta ike wẹ́wẹ́ sínú àpò aṣọ kékeré kan, kí ẹ rán ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ tó gbé e sínú ikùn. Tí ẹ bá dà á sínú lásán, á máa jò gba àárín fọ́nrán.

Láti pa ẹnu dé, ẹ fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lápá kan, kí ẹ mú díẹ̀ ní òdìkejì, bí ẹsẹ̀ àkàbà, kí ẹ fà á lẹ́yìn bíi ẹsẹ̀ márùn-ún. Inú ìlà odi ni kí abẹ́rẹ́ ti máa mú aṣọ. Tó bá mú fọ́nrán òde nìkan, ìtàn béárì mi àkọ́kọ́ máa tún ṣẹlẹ̀.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

Mo máa ń lo àkókò púpọ̀ lórí ojú ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ mú píìnì olórí dúdú méjì, kí ẹ gún wọn síbi tí ẹ rò pé ojú yẹ kó wà, nítòsí ojú rírán awẹ́ àárín orí, kí ẹ gbé béárì jìnnà, kí ẹ wò ó. Ẹ sún wọn wálẹ̀ díẹ̀, kí ẹ ya wọ́n síra wọn: ó di ọmọdé. Ẹ sún wọn sókè: ó di bàbá àgbà. Ẹ gún etí náà mọ́ ọn pẹ̀lú píìnì lákòókò kan náà, torí etí tó sún sẹ̀ǹtímítà kan máa ń sọ béárì di ẹlòmíràn. Ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Tó bá ṣì wù yín láàárọ̀, ẹ rán an mọ́lẹ̀, kí ẹ rán iwájú àti ẹ̀yìn etí kó lè dúró.

Ojú oníke tó ní ìdè lẹ́yìn gbọ́dọ̀ wọlé kí ẹ tó kì orí, kí ẹ sì fi fẹ́ẹ̀tì róbótó kan tì í lẹ́yìn kí ihò má bàa fẹ̀. Ojú onígíláàsì ní okùn irin lẹ́yìn. Òwú líle lẹ máa fi so ó, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gígùn fà á gba inú orí yọ sẹ́yìn etí, kí ẹ fà á kí ojú wọlé díẹ̀, kí ẹ wá ta á ní kókó. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, òwú ni kí ẹ fi ṣe ojú. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù, ọpọ́n kékeré tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 31.7 ni wọ́n fi ń dán an wò: ohunkóhun tó bá já kúrò lára ohun ìṣeré ọmọ bẹ́ẹ̀, tó sì wọ inú ọpọ́n yẹn tán, lè há ọmọ lọ́fun.

Imú ló kù. Lórí aṣọ àfọwọ́hun, abẹ́rẹ́ máa ń yọ̀ bọ́ sáàárín fọ́nrán, kì í sí níbi tí ẹ fẹ́ gan-an, ìyẹn ló fi ń rí wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ gé fẹ́ẹ̀tì dúdú kékeré bí ìrísí imú, kí ẹ rán an mọ́ ọn, kí ẹ wá fi òwú ìṣọnà bò ó. Ẹsẹ̀ òwú àkọ́kọ́ gba àárín gangan, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ọ̀tún títí dé etí, kí ẹ padà sáàárín kí ẹ lọ sí òsì. Kí òwú kan fara kan èkejì láìgun ara wọn. Ìlà kan wálẹ̀ láti imú, méjì yà sí ẹ̀gbẹ́, ẹnu nìyẹn.

Kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ ka píìnì yín. Mo máa ń ka iye tí mo mú jáde, mo sì ń kọ ọ́ sórí páálí bátànì. Lọ́jọ́ kan mo mú 34 jáde, 33 ló padà sínú agolo. Mo tẹ béárì náà níbi gbogbo, n kò rí nǹkan kan, àfi ìgbà tí mo fa mágínẹ́ẹ̀tì gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kọjá. Mo tú ẹsẹ̀ yẹn, mo yọ ọ́, mo sì tún un rán.